Agolo Méje, Ìgbẹ́ Ẹnì Kan

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, òyìnbó kan ti òkè òkun wá sí abúlé wa, ó wá kó ìgbẹ́. Ẹ má wo ara yín lójú. Ìgbẹ́ ni mo wí, tèmi, tàbúrò mi, àti ti bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń di imú bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń rùn nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Abúlé wa kò jìnnà sí títì tó ti Atakpamé lọ sí Anié. Òwú àti iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Nínú gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni wọ́n fi sílé ìwé. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan ní Atakpamé ni mo ń gbé, ọlidé nìkan ló ń gbé mi wálé. Àǹtí yìí kò gbà kí n fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rárá. Sálúbàtà rọ́bà ló rà fún mi, bí mo bá bọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ìgbájú ni.

Ìgbà òjò, nínú ọlidé, ni òyìnbó náà dé lórí alùpùpù, òun nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó ń lọ sí yunifásítì ní ìlú wọn, wọ́n sì ní kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí, kó lọ fúnra rẹ̀ wádìí nǹkan kan ní ilẹ̀ olóoru. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé yìí, aràn inú wa ló yàn. Ó gba yàrá kan lọ́dọ̀ katikíìsì tó ń darí àdúrà wa lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Baálẹ̀ pè wá jọ. Òyìnbó ń sọ Faransé bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, katikíìsì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní aràn kan wà nínú ilẹ̀ tútù, ó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láti inú. Ó pín agolo tòmátì tó ti ṣófo fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan agolo kan, orúkọ kálukú lára tirẹ̀. Ó ní kí kálukú ṣe ìgbẹ́ sínú tirẹ̀, ẹni tí òun bá rí aràn nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ni òun yóò fún ní oògùn, torí oògùn tó gbé wá kò pọ̀. Agolo méje ló kàn wá.

Ẹ̀yin ò mọ ìyá bàbá mi. Bó bá gé èékánná, sínsin ni. Irun tí wọ́n bá gé lórí wa, kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e. Ohun tó bá ti ara ènìyàn jáde kì í bọ́ sọ́wọ́ àlejò nílé wa. Ló bá figbe ta: "Kí àjèjì gbé ìgbẹ́ ọmọ mi lọ sí ibi tí mi ò mọ̀? Kó fi ṣe kí ni? Ẹ̀yin ò lórí lọ́rùn mọ́ ni?" Bàbá mi kò sì fẹ́ ṣe àìgbọràn sí baálẹ̀. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, ìyá àgbà bá yíjú sí mi.

"Ìwọ, orúkọ rẹ ti wà nínú ìwé wọn. Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ nílé ìwé, wọ́n ti gún ọ lábẹ́rẹ́. Kí ló kù lára rẹ tí kò tíì sí lọ́wọ́ wọn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pinnu pé tèmi nìkan ni yóò wọ agolo méjèèje. Wọ́n fi ẹ̀wà àti odidi ìbẹ́pẹ kan bọ́ mi, ìyá àgbà ń ní, "Jẹ ẹ́ dáadáa, ìwọ ni gbogbo ilé ń wò." Ní òwúrọ̀, ìyá mi mú igi kan lọ́wọ́, ó ń bu díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ẹni ń pín ọbẹ̀. Ṣíọ̀! Títí dòní, bí mo bá rí agolo tòmátì, itọ́ ìríra á kún ẹnu mi.

Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ, torí mo gbọ́ Faransé. Àbúrò mi obìnrin tẹ̀ lé mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó máa ń fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé ìyá wa lọ sí oko lójoojúmọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń ha erùpẹ̀ ara ògiri jẹ. Ìyá mi á nà án, á tún padà sídìí ògiri. Tó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

Òyìnbó bi mí léèrè: "Ṣé kálukú ló ṣe tirẹ̀?"

"Wí, mésíé," ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, ni mo fi Faransé dá a lóhùn, mo tún na ọrùn mi sókè, bí ọ̀mọ̀wé.

Níbi tí a dúró sí náà ni àbúrò mi ti ń ha ògiri katikíìsì jẹ. Òyìnbó rí i. Ó wò ó, ó kọ nǹkan kan sínú káyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ti òkè òkun wá wá aràn, aràn wà níwájú rẹ̀ nínú ọmọ, agolo ló ń wò.

Ní ọjọ́ kẹta, ó tún pè wá jọ, ó ń pe orúkọ, àwọn ènìyàn ń gba oògùn. Nígbà tó kan ilé wa, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ilé wa mọ́, ẹni méjèèje, kò sí aràn. Ó bọ bàbá mi lọ́wọ́. Baálẹ̀ ní kí gbogbo abúlé wá kọ́ ìmọ́tótó lọ́dọ̀ wa. Orí bàbá mi wú, ó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn bíi pé òótọ́ ni.

A délé, ìyá mi bú sẹ́kún. Ọmọ aládùúgbò wa tó ń jẹ erùpẹ̀ bíi ti àbúrò mi ti gba oògùn. Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ́wọ́, kó fún ọmọ yìí ní tirẹ̀."

"Kí n lọ sọ níwájú baálẹ̀ pé mo fi ìgbẹ́ ọmọ kan tan àlejò? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ!"

Èmi kò sọ̀rọ̀, èmi tí mo gbọ́ Faransé! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni òyìnbó yẹn tún lò sí i. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi "bọ́njúù" lójú ọ̀nà, èmi náà á ní "bọ́njúù, mésíé," n ó sì kọjá lọ. Nígbà tó yá, ó kó káyé àti ìgò rẹ̀, ó gun alùpùpù, ó lọ.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n wá pè mí ní Atakpamé. Wọ́n ti gbé àbúrò mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Aràn ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí tán. Ẹ ò ṣe fún un lóògùn láti ọjọ́ yìí?" Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá àbúrò mi. Bàbá mi ló ní ikú yá ju ẹ̀sín. Kì í ṣe òun ló kú.

Mo mọ̀ pé wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá mi ń rí mi lára. Òyìnbó yẹn ń rí mi lára, torí ó dá mi lójú pé ilé wa wà nínú ìwé tó fi gbàwé ẹ̀rí, ènìyàn méje tí ara wọn dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ẹnu mi tó ní "wí, mésíé" ló ń rí mi lára jù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ayé ti yí. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń wá sí ilé ìwé fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè agolo mọ́, ọmọ tó bá ti wà ní kíláàsì á gba tirẹ̀. Hóró oògùn kan péré, kò ju èékánná lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́nu wálé, ó lọ tu ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ó korò. Mo ṣà á nínú erùpẹ̀, mo fi omi ṣàn án, mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú títí ó fi gbé e mì. Ó ké, ó ta ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní mo ti le jù fún ọmọdé.

Kó máa wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà lòun náà.