Théophile Pín Ẹrẹ̀ Adágún

Ká má purọ́, Théophile ọmọ Lábọ̀dé ará Odomèta mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ìṣirò kan wà tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga l'Àjàṣẹ́, ẹ̀ntẹgíráàlì oníméjì, ìròpọ̀ tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tó ti gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi lóṣù kẹfà, wọn ò ní gbà á padà mọ́. Ọkọ́ baba rẹ̀ ló ń dúró dè é. Ó mọ òfin ìṣirò náà lórí bí àdúrà, àmọ́ ohun tó wà fún kò yé e rárá.

Ó wálé fún Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ adágún abúlé, gbogbo ilé sì ní láti bá wọn kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé, kó lè gba omi púpọ̀. Lábọ̀dé ní, "Akọ̀wé wa ni yóò pín iṣẹ́ náà lọ́dún yìí." Théophile ta okùn, ó pín ilẹ̀ adágún lọ́gbọọgba. Inú rẹ̀ dùn.

Yéè! Kí oòrùn tó mú, Gaston tí ìpín rẹ̀ wà létí ti ṣe tán, ó ń jẹ iṣu sísun lábẹ́ igi. Philomène opó, tó bọ́ sí àárín, ṣì wà nínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí.

"Akọ̀wé!" obìnrin náà figbe ta. "Ṣé ilẹ̀ la fẹ́ kó ni, àbí ẹrẹ̀?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú ti Théophile gidi gan-an. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè."

Ó ge ọ̀pá, ó tún ibi tó kù pín sí kéékèèké, ó ń ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Ó ro ti ìlà kan pọ̀ láti etí dé etí. Ó ro ti ìlà kejì. Nígbà tó fẹ́ ro gbogbo ìlà pọ̀, ó dúró gbagidi.

"Háà! Ìdí tó fi jẹ́ méjì nìyí! Àkọ́kọ́ ń ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, èkejì ń kó àwọn ìlà jọ, iye gbogbo ẹrẹ̀ sì jáde!" Bí ìpín bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò ń sún mọ́ òótọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oòrùn ti pa á," ni Gaston wí. Àmọ́ ìpín tuntun, tí Théophile fi iye ẹrẹ̀ pín lọ́gbọọgba, dá òun náà padà sínú ẹrẹ̀, ó ń kùn yùn-ùn.

Lóṣù kẹfà, ìdánwò béèrè bí omi tí kòtò onísàlẹ̀ wíwọ́ kan lè gbà ṣe pọ̀ tó. Théophile rí Philomène lójú ọkàn rẹ̀, nínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó yege, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọlọ́run mi o! Ara tù mí!"

Nígbà tó délé, adágún ti kún. Philomène ń pọnmi.

"Akọ̀wé, ṣé o yege?"

"Mo yege, ìyá mi."

Ó bu igbá omi kan fún un. "Gbà, mu. Ẹrẹ̀ mi ló yege."

Théophile dọ̀bálẹ̀ fún un létí omi níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.