Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Rọ́pò "Ọ̀rẹ́"

Òórùn ike yíyọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ àti korobá ní Sàngó. Èmi, Rúùtù Àbẹ̀kẹ́ Akínṣeǹdé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọmọ bíbí Ọ̀tà, Àwórì níhà ti ìyá àti ti bàbá, ni mo tẹ gbogbo lẹ́tà tí ó ti ibẹ̀ jáde títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹnjiníà ará Jámánì tí ń tún àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe ni ó fún mi ní ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, tí ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo ènìyàn tí ó wá sí ilé wa ní Ìjòkó ni ó ní ohun tí Ọlọ́run rán wọn láti sọ. Ẹnjiníà yìí nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ẹnìkan bá bi yín léèrè ohun tí ọ̀rẹ́ jẹ́, ẹ fi ìyẹn dá a lóhùn.

Nígbà tí ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí láti ilé pé kí n wá kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún un ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú férémù. Mo kọ ọ́. Mo pè é ní "my friend" lápá kan, mo sì pè é ní "mein Freund" lápá kejì. Ọmọbìnrin tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kà á, ó gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, a ò lè kọ 'my friend' o. Ṣé ẹ ò gbọ́ sikiọ́ríìtì tó wà ní géètì ni? 'My friend, comot for there!' Ẹni tí wọ́n ń lé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí." Ó tẹ fóònù rẹ̀. "Ti Jámánì yìí gan-an tún burú. Wọ́n ní ọkùnrin tí obìnrin ń fẹ́ ni."

Ọkùnrin tí ń tọ́jú sítọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá wa! Ẹ ti ń fi òyìnbó pamọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí!"

"Ìyá rẹ ni ó ń fi òyìnbó pamọ́," ni mo dá a lóhùn.

Síbẹ̀ mo jókòó, mo ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí a kì í fi ìbínú kọ ìwé. "Colleague" ńkọ́? Ìyẹn ni ẹni tí a jọ ń gba owó oṣù. "Comrade" ti di ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Olùtọ́jú sítọ̀ ní bí èdè méjèèjì bá kọ̀, kí n kúkú kọ "kòríkòsùn", ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà mú "Bekannter" wá láti inú fóònù. Mo ní, "Ojúlùmọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì fún mi ni ojúlùmọ̀ mi." Níkẹyìn mo rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè: "ein Freund von mir", ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ará Jámánì tí yóò ṣì í gbọ́. Mo kọ "a true friend" sí ti Gẹ̀ẹ́sì, mo fi í lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, mo sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ ìdágbére, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi mí jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ. Wọ́n gbé férémù lé ẹnjiníà lọ́wọ́. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó sì gbé ojú sókè wò mí.

"Bekannter?" ni ó bèèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó rò pé òun ṣì í kà.

Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Orúkọ yín ni mo fẹ́ dáàbò bò, mà. Opó lẹ jẹ́."

Ta ni ó bẹ̀ ẹ́? Ta ni ó sọ fún un pé orúkọ tí àwọn òbí mi fún mi jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò fi fọ́ ọ? Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n mo rí olùtọ́jú sítọ̀ tí ó ń wo ẹnu mi, tí ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀.

Mo dáhùn pé, "Ja." Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rọra bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ó ti bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo rí i kẹ́yìn.

Inú ń bí mi sí ọmọbìnrin náà títí di òní, n kò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì í. Òun ni ó kọ "ojúlùmọ̀" sínú férémù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa ní Sàngó. Orúkọ mi mọ́ tónítóní. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fi rà á.