Dòdò Ti Ta Ni?

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkirè: òórùn dòdò tí Màmá ń dín lẹ́yìnkùlé, àti òórùn bẹntiróòlù tí Bàbá fi ń fọ plọ́ọ̀gì alùpùpù wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ á jẹ́ kí itọ́ dà lẹ́nu mi, ti èkejì á mú mi sín. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lákòókò yẹn, ẹ ó rántí pé ilé tó bá ti ní alùpùpù kò tún nílò àkùkọ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ bóyá Tíṣà, ìyẹn Bàbá, máa tètè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí wọn ò ní í tètè dé.

Ẹni tí kò bá mọ dòdò Ìkirè á rò pé ó jóná ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni Màmá máa ń gún, wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá fi epo pupa dín in títí yóò fi dúdú. Bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe ń dùn tó. Èmi ni mo máa ń dúró tì wọ́n láti sọ èyí tó ti jinná, torí Màmá ní ojú mi mú. "Èyí tó bá ti dúdú bí aṣọ ẹtù ni kó o yọ," ni wọ́n máa ń wí.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àpòmù ni Bàbá ti ń kọ́ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n ní Tíṣà. Ibẹ̀ náà ni èmi ń lọ. Láràárọ̀, mo máa ń jókòó sẹ́yìn wọn, màá di ẹ̀wù wọn mú níbi ìbàdí, afẹ́fẹ́ oko kòkó á máa fẹ́ sí wa, Bàbá á sì máa fi ohùn gooro kọ orin ìsìn, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ọ̀nà náà kò jìn, àmọ́ lójú mi, kò sí ìrìn-àjò tó tó o. Lórí ìjókòó yẹn ni mo ti kọ́ ìsọdipúpọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé Bàbá ń bẹ̀rù ejò. Ní kíláàsì, gbogbo ọmọ ló ni wọ́n. Lórí alùpùpù, èmi nìkan ni mo ni wọ́n.

Alùpùpù náà ti gbó kí Bàbá tó rà á. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú ọ̀nà. Á máa lọ geere, á kàn húkọ́, á dákẹ́. A ó wá tì í dé ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ọmọ á ti wọ kíláàsì, ọ̀gá àgbà á sì máa wo aago ọwọ́ wọn. Ọ̀gá àgbà ní kí Bàbá kúkú wá máa gbé ní ilé àwọn olùkọ́ ní Àpòmù, kí wọ́n máa wá sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí etí Màmá, ó sì dùn mọ́ wọn, torí wọn ò fẹ́ràn alùpùpù yẹn rí. "Kò sí bí a ṣe ṣe ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ń fọ ṣòkòtò Bàbá tí ọ́ìlì ti bà jẹ́. Nígbà tó sú wọn, wọ́n là á mọ́lẹ̀: "Bàbá Fọlákẹ́, tí nǹkan yìí bá tún fi yín sílẹ̀ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tà á. Kí ẹ lọ máa gbé Àpòmù. Fọlákẹ́ á máa lọ sílé-ẹ̀kọ́ níbí."

Bàbá ò jiyàn. Lójú mi, àárọ̀ èmi àti Bàbá ni wọ́n fẹ́ gbé tà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá gba Àpòmù lọ wá plọ́ọ̀gì. Òun ni ohun kékeré tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, Bàbá sì ní ibẹ̀ ni àìsàn náà wà. Ìyá Kàfáyà ló ń ta ẹ̀yà alùpùpù lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde kò bá tiwa mu. Bàbá fi wọ́n wé ògbólógbòó tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mi orí. "Ọrùn èyí gùn jù, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá fi sí i, á lọ kan ohun tó wà nínú, á sì fọ́ ọ." Ìyá Kàfáyà wá da agolo àlòkù kan sórí àpò. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta péré ni ọrùn wọn bá tiwa dọ́gba.

Bàbá ní ọrùn nìkan kò tó, pé àwọn kan máa ń gbóná ju òmíràn lọ, ẹnu iṣẹ́ la ti ń mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan sí i, a ó gùn ún lọ sí ọ̀nà Ìkòyí tó wà nítòsí ibẹ̀, a ó padà, wọ́n á tú u, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àpò. Ìka ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi yí i wọlé kí wọ́n tó mú sípánà. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á wá dákẹ́ kí n lè parí rẹ̀: "Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Nígbà tí a ṣe tán, ọ̀kan funfun bí eérú, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ìkẹta dúdú kirikiri.

"Fọlákẹ́," Bàbá ní, "èwo ló dáa?"

Mi ò rò ó rárá. Mo mú dúdú. Ọmọ Ìkirè wo ni yóò mú èyí tí kò tíì jinná?

Ìyá Kàfáyà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá itan. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ra èyí tó pupa, wọ́n tì í sápò, wọ́n wá gba dúdú lọ́wọ́ mi, wọ́n san owó tirẹ̀ náà, wọ́n sì fi sí ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ni ní kíláàsì: wọ́n á jẹ́ kó o kọ ìdáhùn tìrẹ sójú pátákó ná, kí ìwọ fúnra rẹ wò ó.

A ò tíì rí ilé àkọ́kọ́ ní Ìkirè tí alùpùpù náà fi húkọ́, tó kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mò ń tì, mò ń sunkún, torí mo rántí ohun tí Màmá wí. Nígbà tí a délé, wọ́n ti dúró síwájú ilé, ìgbákọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ rí i báyìí," ni Màmá wí. "Ó parí nìyẹn."

Mo dáhùn kí Bàbá tó la ẹnu. "Èmi ni mo mú dúdú, Màmá. Mo rò pé ó ti jinná ni."

Bàbá tú plọ́ọ̀gì náà, wọ́n gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Màmá wò ó, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí òkúta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí alùpùpù yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bàbá wá ṣàlàyé fún mi pé òtútù ló ń mú èyí tó dúdú, kò lè jó epo tán. Pé ibà ló ń ṣe èyí tó funfun lọ́hùn-ún. Wọ́n yọ pupa rúsúrúsú jáde lápò. "Èyí ni ara rẹ̀ dá." Màmá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n yínmú. "Dòdò àwọn ará ibòmíràn," ni wọ́n wí. "Ẹ fi sí i ká wò ó."

Bàbá fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Màmá ò sọ pé kí wọ́n má tà á mọ́. Wọ́n kàn pọ́n dòdò sínú ewé fún wa, wọ́n padà sídìí iná. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí Bàbá bá ti tú plọ́ọ̀gì láàárọ̀, Màmá á béèrè láti ẹ̀yìnkùlé: "Dòdò ti ta ni?" Màá dáhùn pé ti àwọn ará ibòmíràn ni, ọkàn gbogbo wa á sì balẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn alùpùpù yẹn títí mo fi parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Màmá ti lọ, koríko ti hù nídìí iná wọn. Ojú Bàbá ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n ń dá mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, Délé àbúrò mi ní kí a gbé alùpùpù náà fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́, ó sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ra plọ́ọ̀gì tuntun sí i. "Tó bá jáde ní pupa, ó ṣì lẹ́mìí, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Tó bá jáde ní dúdú, ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Kí wọ́n máa gbé e lọ."

Mo wá a dé Gbọ̀ngán. Mo wọn ọrùn rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, mo bi ẹni tó ń tà á, mo tún bi mẹkáníìkì kan, mo tún wò ó lórí fóònù mi. Mo fi ìka yí i wọlé. Mo gùn ún dé Àpòmù, mo sì padà, èéfín ń tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo tú u níwájú Bàbá, ó dúdú kirikiri, ọ́ìlì sì yí i lẹ́nu.

"Dòdò ti ta ni?" Bàbá béèrè.

Mo ronú láti parọ́, torí wọn ò lè rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ti Màmá ni, Bàbá."

Wọ́n nawọ́, mo gbé e lé e, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé e sí imú. Omi kọ́kọ́ dé ojú wọn, ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e. "Èyí tó o mú níjọ́sí nìyẹn," ni wọ́n wí. "Dá a padà síbẹ̀. Kí Délé sọ fún àwọn èèyàn yẹn kí wọ́n má wulẹ̀ wá."

Ọmọ tó mú dúdú ní Àpòmù kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í mú. Èmi béèrè kiri, mo sì mọ̀ dájú pé dúdú kò dáa, síbẹ̀ dúdú náà ni mo fi ọwọ́ ara mi dá padà, inú mi sì dùn. Bí mo bá wálé, mo máa ń fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù náà fún Bàbá. Á húkọ́, á tú èéfín, á kú. Àwa méjèèjì á wá tẹ́tí sí ẹ̀yìnkùlé, bóyá ẹnì kan á béèrè.