Aunty Tó Ń Gé Oògùn Wọn sí Méjì

Mò ń dirun fún ọmọ mi nígbà tí Sister kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí lórí fóònù pé Aunty tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ti ṣaláìsí. Kí n tó sunkún, ó ní: "Oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ tí wọ́n ń lò yẹn ló fà á."

Mo ní: "Irọ́ ni! Jẹjẹrẹ ló pa wọ́n. Ìwọ náà bá wa lọ kí wọn ní hospital."

Aunty kì í fi oògùn wọn pamọ́. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á mú ike kékeré tó ní abẹ nínú, wọ́n á fi gé hóró kan sí méjì, torí ààbọ̀ ni dókítà kọ fún wọn. Tí ẹnìkan bá tọrọ ẹyọ kan, wọ́n á ní: "Ṣé èmi ni dókítà rẹ? Ṣé ata ni, tí mo fi máa bù fún ẹ?"

Nígbà tí àyà ń já èmi náà, tí dókítà kọ irú oògùn yẹn fún mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n dà á nù, kí n máa gbàdúrà. Aunty ní: "O ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. O ò sì gbọdọ̀ fi kún un. Pe dókítà, kó bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀." Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi pè.

Bí èmi àti Sister ṣe sọ̀rọ̀ tán tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ mi, tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oògùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, béèrè pé: "Mummy, ṣé Aunty kì í gbàdúrà ni?"

Mo ní: "Wọ́n ń gbàdúrà ju èmi lọ. Wọ́n sì ń lo oògùn wọn bí dókítà ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn fún ẹ, ní kó wá bá mi."