Ohùn Kẹfà Nínú Ègbè

Àwọn kan wà láyé yìí tí wọ́n lè ta bàtà ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí ń gbé orin jáde. Orin inú fóònù ò tà létí wọn. Téèpù ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n ní ibẹ̀ ni ohùn ti ń mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kéèyàn fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ọkọ. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni oníbàárà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ehoro, tó ń tún àwo orin àtijọ́ gbé jáde sórí téèpù nínú yàrá kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Páálí ẹyin ló fi bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ariwo má bàa wọlé. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ télọ̀ nísàlẹ̀, obìnrin yìí á gbọ́.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bi í pé àwo wo ló kàn, kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kó tó dárúkọ ọ̀kan, ó ní ojúlówó téèpù rẹ̀ lòun fẹ́ lò lọ́tẹ̀ yìí. Àwo tó ti ń gbọ́ láti kékeré ni, tí obìnrin mẹ́fà gbè. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá rẹ̀, tó kú kó tó mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà sọ fún un pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà, pé ìyá rẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá bi í pé ohùn wo ni ti ìyá òun, ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé èmi wà níbẹ̀ ni? Gbogbo wọn ṣáà ń kọrin." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣa àwọn ohùn náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kò sì rí èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ mú.

Bàbá tó gba orin náà sílẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ojúlówó téèpù náà wà láti ọjọ́ yìí wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wá nígbà tí Elétí-Ehoro ránṣẹ́ sí i.

"Bí wọ́n bá kọrin tán," ló wí, "mi ò kì í tètè pa ẹ̀rọ. Wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. A gé e kúrò lórí àwo, ṣùgbọ́n ó wà nínú eléyìí. Ìyá ẹ sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Má tíì fọwọ́ kàn án o." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kí télọ̀.

Téèpù tó bá ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yá a lóoru fún wákàtí mẹ́jọ nínú àpótí agbẹ-nǹkan kí ẹ̀rọ tó fẹnu kàn án. Ta ló mọ̀ ọ́n tó Elétí-Ehoro? Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lòun fẹ́ fi tọ́ ọ wò, pé ìbẹ̀rẹ̀ téèpù kì í ṣáà ní nǹkan kan. Ó gbàgbé pé àwọn àgbà iṣẹ́ náà máa ń ká téèpù pa mọ́ kí ìparí rẹ̀ wà lóde, pé ìparí yẹn ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀rọ náà han gooro, ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lára téèpù. Ó sáré pa á.

Bàbá bá a níbi tó ti ń fi òwú nu ojú ẹ̀rọ.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń nù yẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ohùn ni." Ó jókòó. Ojú ti obìnrin náà débi pé kò lè bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí téèpù ti yá tó sì ti tutù, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Orin náà jáde bí ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ nínú yàrá kejì. Orin ìkẹyìn parí. Wọ́n gbọ́ bí àga ṣe ń họ ilẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín, ọkùnrin kan sì ní, "Ìyá Ìkókó, níbo lò ń lọ?"

Ohùn kan dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ mi ti jí, ebi ń pa á. Ẹ wò ó, ọmọ yìí, tó bá dàgbà, ó máa..."

Ó ku ṣááá. Ibẹ̀ gan-an ni ìyẹ̀fun ti ṣí kúrò.

"Ó máa kí ni, Bàbá? Kí ló sọ?"

"Ọdún méjìdínlógójì rèé, ọmọ mi. Mi ò rántí."

Elétí-Ehoro sunkún. Ó ní òun ni òun fọwọ́ ara òun nu ọ̀rọ̀ ìyá òun dànù. Bàbá jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, ó wá ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ bó ṣe rí?"

Ó gbọ́ ọ. Ohùn tó ki, tó wálẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ó dá téèpù padà sí ègbè orin kẹta, ó dijú. Obìnrin márùn-ún ń bẹ lókè, ohùn yẹn sì wà nísàlẹ̀ wọn, ó gbé gbogbo wọn dúró. Láti kékeré ló ti rò pé ọkùnrin kan ló ṣìnà wọ àárín wọn, pé méjì nínú àwọn obìnrin náà ló dohùn pọ̀.

"Bàbá," ló wí, "gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti dà kọ láti inú àwo yìí fáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi bọ́tìnnì rẹ ohùn ìsàlẹ̀ yìí sílẹ̀. Mo rò pé ó ń ba ègbè jẹ́ ni."

Obìnrin náà nawọ́ sí ẹ̀rọ, ó yí bọ́tìnnì ohùn náà padà sókè, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́.