Ilẹ̀ Tí Ardis Fi Pamọ́

Ọgbọ̀n ọdún ni Ardis Tollefson fi ya máàpù ilẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Iowa. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo fi jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀. Kò lọ́kọ. Àwọn aláwàdà ọ́fíìsì máa ń sọ pé koríko ló fi ṣe ọkọ, òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ó sàn ju tiyín lọ, kì í hanrun."

Wọn ò kúkú parọ́. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ti gba gbogbo àgbègbè wa. Ilẹ̀ koríko ìbílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò túlẹ̀ rẹ̀ rí kò ju éékà mẹ́rin lọ, lẹ́yìn itẹ́ òkú ìjọ Luther, nínú oko Orville Brekke. Òdòdó funfun kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run máa ń tanná níbẹ̀ ní oṣù keje. Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, Ardis àti Orville á dáná sun koríko gbígbẹ ibẹ̀ kí tútù lè rí àyè hù.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin pawọ́ pọ̀ láti ṣètò ilẹ̀ tí a máa dáàbò bò, a fẹnu kò pé ibi tí a bá fi àwọ̀ ewé kùn lórí máàpù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ túlẹ̀ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ardis ló ya máàpù ọ̀hún. Ó fi ti Orville sílẹ̀ ní funfun.

"Ẹ kùn ún, ẹ jọ̀ọ́," mo bẹ̀ ẹ́.

"Kí àwọn tó ń hú òdòdó tà lè mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ṣé orí ẹ pé báyìí? Orville ò lè túlẹ̀ yẹn láéláé."

"Tí Orville bá kú ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ ò dáa," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Orville kú ní oṣù kejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Arizona fi oko náà háyà fún ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cody Rademaker.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, èmi àti Ardis gbé agolo epo àti garawa omi lọ síbẹ̀ láti sun koríko. Kò sí koríko. Ilẹ̀ dúdú la bá, wọ́n ti túlẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ sàréè. Cody sọ̀ kalẹ̀ látorí katakata, ó ṣí fìlà.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Mo kọ́kọ́ wá bèèrè ní ọ́fíìsì yín o, mi ò fẹ́ wàhálà. Akọ̀wé yín ní kò sí nǹkan kan níbí. Ó tiẹ̀ tẹ máàpù ẹ̀ fún mi."

Ó fà á yọ lápò. Ardis wò ó títí. Orúkọ Ardis fúnra rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo mọ́ ọmọ yẹn, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?

"Ṣé a ò lè gbìn ín padà?" mo bi Ardis nínú ọkọ̀.

"Rárá."



Wọ́n fọwọ́ sí ètò náà ní oṣù kẹfà, wọ́n sì gbé máàpù Ardis kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni Ardis ń gbà wọlé báyìí. Oko Orville ṣì wà ní funfun níbẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú máàpù náà mọ́.