Oníkùnrùngbùn

Irun gígẹ̀ ni onígbàjámọ̀ náà fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn iná mànàmáná ló gba ọkàn rẹ̀. Òkú wọn ló ń rà, á jí wọn dìde, á tò wọ́n sí yàrá. Ó sọ èyí tó tóbi jù ní Oníkùnrùngbùn, nítorí bí o bá tilẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, iná ṣì ń sápamọ́ síkùn rẹ̀.

Ó ti yọ wáyà náà, ó ti tú ìdérí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wọlé. Alápatà ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran àti èèyàn.

"Mo ní kó o kó pàǹtí yìí kúrò nílé bàbá wa!"

Ó la mítà kan mọ́lẹ̀, ó fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. Ó gbá orí àbúrò mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó wá kọjú sí Oníkùnrùngbùn, ó ní òun á fa ìfun rẹ̀ jáde bíi ti màlúù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má..."

Àbàrá dún gbàì! Eyín kan fò jáde.

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Àbúrò pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀rọ náà. Ó ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú, iná gbé e lulẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ẹran sísun.

"O mọ̀! O ò sì kìlọ̀ fún mi!"

Àbúrò tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìkìlọ̀ wà lẹ́nu mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbá a padà sínú."